Rìsíìtì Méjì, Iye Owó Méjì: Ohun tí Dítámínántì Mọ̀ nípa Ọjà Wa

Àwọn tó pè mí ní kí n wá bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Abidjan sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò kan tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní lycée (ilé ìwé girama), èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní déterminant, tí èmi yóò máa pè ní dítámínántì. Wọ́n ní kí ó yé àwọn òbí, kí àwọn ọmọ má sì sùn. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé fún mi, owó iṣẹ́ kan ni wọ́n san. N ó sa agbára mi.

Ọjà Adjamé ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣòro tí ìṣirò yìí ń yanjú ń gbé. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta abọ́ lọ kó ọjà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tà lódidi. Ó ra dọ́sìnnì abọ́ tánganran 3 àti dọ́sìnnì ife 2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26 000 fráǹkì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rán ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ ra dọ́sìnnì abọ́ 5 àti dọ́sìnnì ife 4, ó san 46 000. Rìsíìtì méjèèjì wà nínú àpò ìyá, ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan ni ọ̀gá yẹn kọ síbẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí oníbàárà mọ ọjà tí èrè wọn wà lórí rẹ̀. Èló wá ni dọ́sìnnì abọ́ kan? Èló ni ti ife? Owó àpẹẹrẹ ni mo ń lò o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ẹ̀ lọ bá oníṣọ́ọ̀bù jà lọ́la.

Kí n tó dáhùn, ẹ wo bí mo ṣe kọ owó náà. Àlàfo ni mo fi sí àárín 26 àti òdo mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ níbí. Ní Èjìgbò ní Nàìjíríà, kọ́mà ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, kọ́mà ni ààlà láàrin odidi àti ìdá, nítorí náà, ọmọ tó bá ti Nàìjíríà dé tó kọ 3,500 sínú ìwé rẹ̀, mẹ́ta àtààbọ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ yóò kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, tí ẹ sì ń gba ti ilé wá síbí, ẹ tètè sọ èyí fún ọmọ, kí ẹ tó sọ ti aṣọ ilé ìwé. Kọ́mà kan lè gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa.

Ó yá, ọmọ ilé ìwé yóò pe owó dọ́sìnnì abọ́ ní x, yóò pe ti ife ní y, yóò sì kọ ọ́ báyìí:

3x + 2y = 26 000
5x + 4y = 46 000

Ìdọ́gba méjì, ohun tí a kò mọ̀ náà méjì. Ìyá kò nílò lẹ́tà kankan bí ó bá ní sùúrù. Ohun tó ń dí i lọ́nà ni pé abọ́ àti ife ti dàpọ̀ mọ́ra nínú owó kan ṣoṣo. Bí ó bá lè mú kí iye ife inú rìsíìtì méjèèjì dọ́gba, a jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó bá wà nínú owó, ti abọ́ nìkan ni. Ká ní ó ra irú ọjà àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin: abọ́ á di 12, ife á di 8, owó á di 104 000. Ká ní ó ra irú ọjà kejì lẹ́ẹ̀mejì: abọ́ 10, ife 8, owó 92 000. Ife ti dọ́gba, 8 sí 8. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Ife pa rẹ́. Dọ́sìnnì abọ́ 2 ló ṣẹ́kù, owó tó sì ṣẹ́kù jẹ́ 12 000. Dọ́sìnnì abọ́ kan, 6 000 fráǹkì.

Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, kó jẹ́ abọ́ la máa pa rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Rìsíìtì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún: abọ́ 15, ife 10, owó 130 000. Rìsíìtì kejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: abọ́ 15, ife 12, owó 138 000. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyọkúrò ni dọ́sìnnì ife 2 àti 8 000. Dọ́sìnnì ife kan, 4 000.

Ẹ má jẹ́ kí a sáré kọjá ibí yìí. Nígbà tí a pa ife rẹ́, abọ́ 2 ló ṣẹ́kù. Nígbà tí a pa abọ́ rẹ́, ife 2 ló ṣẹ́kù. Iye ìgbà tí a tún ọjà rà kò jọra: 4 àti 2 ni lákọ̀ọ́kọ́, 5 àti 3 ni lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ 2 kan náà ló ń jáde, kò sì lè ṣàì jáde. Abọ́ tó ṣẹ́kù, 3 lọ́nà 4 ni, tí a yọ 5 lọ́nà 2 kúrò lára rẹ̀. Ife tó ṣẹ́kù, 3 lọ́nà 4 náà ni, tí a yọ 5 lọ́nà 2 kúrò. Ibi tí a gbà wọlé ló yàtọ̀, inú yàrá kan náà la bá ara wa. Nọ́ńbà tí a bá níbẹ̀ ni dítámínántì. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí pátákó nìyí:

| 3   2 |
| 5   4 |   = 3 × 4 − 5 × 2 = 2

Ẹ fi ìlà sọdá láti igun òkè lápá òsì lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di púpọ̀. Ẹ ṣe ti ìdábùú kejì. Ẹ yọ èyí kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ pe èsì rẹ̀ ní D. Láti wá owó abọ́, ẹ mú òpó abọ́ kúrò, ẹ fi òpó owó rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìdábùú náà bákan náà: 26 000 × 4 − 46 000 × 2, ó jẹ́ 12 000. Láti wá owó ife, òpó ife ni ẹ máa mú kúrò: 3 × 46 000 − 5 × 26 000, ó jẹ́ 8 000. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí D. Òfin náà parí síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló há a sórí, tí wọ́n sì gba máàkì wọn, láì mọ̀ pé ọjà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọjà kejì ti pa rẹ́ ni D yẹn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Mo dá ẹni tó kọ́ wọn lẹ́bi díẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ohun tí D jẹ́ kò ní mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí D bá di òdo, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìṣirò yìí sì ń wúlò jù.

Ẹ tún wo ohun kan: kò sí owó kankan nínú D. Iye ọjà ló wà níbẹ̀, 3, 2, 5, 4. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè Júlà ná ọjà mọ̀ pé fráǹkì márùn-ún ni wọ́n ń kà sí owó ẹyọ kan, dọrọmẹ. Tí Júlà bá pe kẹmẹ, ọgọ́rùn-ún dọrọmẹ ló pè, 500 fráǹkì nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé kì í tètè mọ èyí, ó sì máa ń rò pé ọjà dínwó. Bí ìyá wa bá fi dọrọmẹ kọ rìsíìtì rẹ̀, yóò kọ 5 200 àti 9 200. D kò yí padà, 2 náà ni. Òpó owó nìkan ló yí: 5 200 × 4 − 9 200 × 2 jẹ́ 2 400, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1 200 dọrọmẹ, 6 000 fráǹkì náà la padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1994, nígbà tí wọ́n dín iye fráǹkì wa, CFA, kù, tí fráǹkì Faransé kan tó ti ń jẹ́ 50 CFA di 100 CFA lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ohun tó ṣe fún ọjà tó ń ti òkè òkun wá. Apá ọ̀tún gbogbo ìdọ́gba ló mì lọ́jọ́ yẹn. Apá òsì, níbi tí dọ́sìnnì abọ́ àti ife wà, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ta ló ni ìṣirò yìí? Lórúkọ, Gabriel Cramer ni, ọmọ Geneva tí wọ́n bí ní 1704. Ó gbé òfin náà jáde nínú ìwé tó kọ ní èdè Faransé ní 1750 lórí àwọn ìlà títẹ̀, nítorí ó fẹ́ mọ ìlà tó máa gba orí àwọn àmì kan kọjá, ìyẹn sì mú un dé ibi tí ìdọ́gba pọ̀ gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú. Ṣùgbọ́n Maclaurin ará Scotland ti lo irú òfin yìí fún ohun àìmọ̀ méjì àti mẹ́ta nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1748, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Leibniz ará Jámánì ti fi í sínú lẹ́tà sí l'Hôpital ní 1693. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1683, Seki Takakazu ní Japan ti kọ ọ̀rọ̀ lórí dítámínántì, kò sì sí ohun tó da òun àti Leibniz pọ̀. Gauss ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà ní 1801, fún nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀. Cauchy ló fún un ní ìtumọ̀ tí a ń lò lónìí ní 1812. Àwọn ìlà òòró méjì tí mo fà sórí pátákó yìí, Cayley ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1841. Orúkọ Cramer ló lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ayé ti rí náà nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní ìwé ìṣirò kan tó ti wà fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Orí Mẹ́sàn-án. Orí kẹjọ rẹ̀ dá lórí ìdọ́gba púpọ̀ tí a ń yanjú pọ̀. Igi kéékèèké ni wọ́n ń tò sórí pẹpẹ láti fi ṣe é, pupa fún iye tó wọlé, dúdú fún iye tó jáde. Ọ̀kan nínú ìbéèrè ibẹ̀ jẹ́ ti ọjà ẹran: màlúù 5 àti àgùntàn 2 jẹ́ ìwọ̀n wúrà 10, màlúù 2 àti àgùntàn 5 jẹ́ ìwọ̀n wúrà 8. Ẹ ṣe ìdábùú: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ẹ yọ 2 lọ́nà 2, ó ku 21. Fún màlúù, 10 × 5 − 8 × 2, ó jẹ́ 34. Fún àgùntàn, 5 × 8 − 2 × 10, ó jẹ́ 20. Màlúù kan jẹ́ 34 nínú 21, ìyẹn ìwọ̀n kan àti ìdá 13 nínú 21. Àgùntàn kan jẹ́ ìdá 20 nínú 21. Ìdáhùn tó wà nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà gan-an nìyẹn, pẹ̀lú 21 nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní dítámínántì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Adjamé. Ká ní ọmọ tí ìyá rán kò ra 5 àti 4. Ká ní ó ra abọ́ 6 àti ife 4, ó sì san 52 000. D wá jẹ́ 3 × 4 − 6 × 2, òdo. A ò lè pín nǹkan sí òdo, olùkọ́ yóò sì ní kí ẹ kọ ọ́ pé ìdáhùn kò lóǹkà. Kí ló dé? Rìsíìtì dà bí ẹlẹ́rìí tí a pè wá sílé ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí kejì yìí kò rí nǹkan kan ju ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ló tún sọ, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn tó ga. Ẹni méjì ló jókòó sórí àga, ẹ̀rí kan la gbà. Abọ́ lè jẹ́ 6 000 kí ife jẹ́ 4 000. Abọ́ lè jẹ́ 5 000 kí ife jẹ́ 5 500. Abọ́ lè jẹ́ 8 000 kí ife jẹ́ 1 000 péré. Gbogbo rẹ̀ bá rìsíìtì méjèèjì mu. Bí ìyá bá sì ń ra 3 àti 2, tàbí 6 àti 4, tàbí 30 àti 20, kódà kí ó kó rìsíìtì ọgọ́rùn-ún jọ, kò ní mọ iye tí ife jẹ́ títí ọdún á fi yípo.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀nà láti wá x àti y ni dítámínántì. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti sọ fún ọ, kí o tó làágùn, bóyá ìbéèrè rẹ ní ìdáhùn kan tàbí kò ní. Kò sì nílò láti mọ owó kí ó tó sọ ọ́. Ìyá lè mọ̀ láti ilé, kí ó tó wọ mọ́tò gbaka, pé ọjà tí òun fẹ́ rà yìí kò ní kọ́ òun ní nǹkan tuntun.

Ọlọ́jà tó gbọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Mo mọ àwọn ìyá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fura sí owó ife, wọn yóò ra ohun tí wọ́n rà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú dọ́sìnnì ife kan lérí: abọ́ 3, ife 3. Owó tó bá fi lé ni owó ife. Ẹ ṣe ìdábùú rẹ̀, 3 × 3 − 3 × 2, D jẹ́ 3, kì í ṣe òdo. Wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní lycée.

Bákan náà ni ti mọ́tò. Ẹni tó bá gun bọ́ọ̀sì láti Èjìgbò wá síbí, tó gba Cotonou, Lomé àti Accra títí dé ẹnubodè Elubo àti Noé, mọ̀ pé owó ara rẹ̀ lọ́tọ̀, owó ẹrù lọ́tọ̀, dírẹ́bà sì lè pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹni tó gbé ẹrù kílò 20 san 39 000, ẹni tó gbé kílò 35 san 42 000. Torí ara kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, D ibẹ̀ kò ju 35 − 20 lọ, ìyàtọ̀ ẹrù wọn, 15. Owó tó fi yàtọ̀ jẹ́ 3 000, kílò kan jẹ́ 200, owó ara jẹ́ 35 000. Èrò méjì tí ẹrù wọn wúwo bákan náà lè jọ jókòó láti Èjìgbò dé Treichville níbí kí wọ́n máa fi owó wọn wéra, wọn kò ní mọ̀ ọ́n.

Òdo ṣe é rí. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni D tó kéré tí kì í ṣe òdo. Ká ní ọmọ ra abọ́ 10 àti ife 7. Owó rẹ̀ gan-an jẹ́ 88 000. Ẹ fi rìsíìtì àkọ́kọ́ tì í, 3 àti 2: D jẹ́ 3 × 7 − 10 × 2, 21 yọ 20, ó ku 1. Ìdáhùn wà, ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ọmọ. Ó fi 500 ra alloco, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó wá sọ fún ìyá pé 88 500 ni òun san. Ẹ ṣírò rẹ̀. Fún abọ́: 26 000 × 7 − 88 500 × 2 jẹ́ 5 000. Fún ife: 3 × 88 500 − 10 × 26 000 jẹ́ 5 500. Alloco 500 fráǹkì ti mú abọ́ wálẹ̀ ní 1 000, ó ti gbé ife sókè ní 1 500, ife ti wọ́n ju abọ́ lọ. Ìyá yóò gbà á gbọ́, torí pé tó bá fi owó náà sínú ìdọ́gba méjèèjì, wọ́n á bára mu láìkù fráǹkì kan.

Báwo ni 500 ṣe di 1 500? Ẹ rántí pípa rẹ́. Láti pa ife rẹ́, a ra ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀méje, ti ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ náà di 1 000. Abọ́ tó wà nílẹ̀ láti gbé e kò ju dọ́sìnnì kan lọ, nínú 21 àti 20. Dọ́sìnnì kan yẹn ló ru gbogbo rẹ̀. Níbi tí a ti pa abọ́ rẹ́, ti ọmọ la tún rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 500 di 1 500, ife kan ṣoṣo ló sì rù ú.

Ká ní ìyá rán ọmọ kan náà, oníwà kan náà, pé kó lọ ra abọ́ 1 àti ife 4. Owó rẹ̀ jẹ́ 22 000, ọmọ pè é ní 22 500. D jẹ́ 3 × 4 − 1 × 2, ó jẹ́ 10. Abọ́ yóò jáde ní 5 900, ife ní 4 150. Alloco ti ba 100 jẹ́ lára abọ́, 150 lára ife. Dọ́sìnnì mẹ́wàá ló pín ẹ̀ṣẹ̀ náà ru. Ìyá lè fi owó yẹn ná ọjà láì ṣìnà púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ má kàn wò ó bóyá D jẹ́ òdo. Ẹ fi D wé àwọn ìlọ́po tó ti jáde. 12 yọ 2 lágbára. 21 yọ 20 kò lágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tí ọmọ rà níbẹ̀ pọ̀ ju abọ́ 1 àti ife 4 lọ. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ń bẹ̀rù ohun kan náà, torí pé kò sí ìwọ̀n tí ènìyàn wọ̀n tí kò ní àṣìṣe kékeré nínú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ya ìwé kan láti inú ìwé ìṣirò yín, èyí tó ní àpótí kéékèèké. Ẹ mú igun kan gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka àpótí 3 sí ọ̀tún, ẹ ka 2 lọ sókè, ẹ fa ọfà kan lọ síbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ẹ ka 1 sí ọ̀tún, 4 sókè, ẹ fa ọfà kejì. Láti orí ọfà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà tó bá ọfà kejì rìn lọ́gbọọgba títí wọ́n á fi pàdé. Onígun mẹ́rin tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló máa jáde. Ẹ ka àpótí inú rẹ̀, kí ẹ so àwọn ààbọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn: ààyè àpótí 10 ni, D náà nìyẹn. Ẹ wá fi ọfà 10 sí ọ̀tún, 7 sókè, rọ́pò èkejì. Onígun mẹ́rin náà yóò gùn gan-an, yóò sì tín-ín-rín débi pé lẹ́ẹ̀dì yín lè bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ààyè inú rẹ̀ kò ju àpótí kan lọ. Pẹ̀lú 6 sí ọ̀tún àti 4 sókè, ọfà kan á dùbúlẹ̀ lé èkejì, kò sí ààyè rárá. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, mi ò rò pé ó tún nílò kí n ṣàlàyé.

Ẹnìkan lè bi mí pé tí ọjà bá di mẹ́ta ńkọ́, abọ́, ife àti ìkòkò. Òfin Cramer ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún méjì, ìlọ́po méjì ló wà nínú D. Fún mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Fún mẹ́rin, 24. Fún mẹ́wàá, 3 628 800, láì tíì ka àwọn D mẹ́wàá yòókù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìdọ́gba púpọ̀ kì í lo òfin yìí mọ́. Ó ń pa ohun àìmọ̀ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe pa ife rẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà náà sì ń ṣe nìyẹn. Méjì ni ibùjókòó dítámínántì, ó lè gba mẹ́ta. Mo ti rí olùkọ́ tó fún ọmọ ní mẹ́rin láti fi jẹ ẹ́ níyà.

Ó ku ohun kan tí àwọn ọlọ́jà ti ń dúró dè láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo rí i lójú yín: ta ló sọ pé iye kan náà ni ọ̀gá máa ń tà á ní gbogbo ìgbà? Òótọ́ ni. Ìdọ́gba wa gbà pé dọ́sìnnì mẹ́wàá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá owó dọ́sìnnì kan. Ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó rà púpọ̀, ènì wà fún oníbàárà, ọjà sì ń gbówó lérí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Èmi ò rí èyí bí àléébù ìṣirò náà. Ibẹ̀ gan-an ni D tó jẹ́ òdo ti ń wúlò fún ọlọ́jà, èyí tí mo sọ pé kò kọ́ ènìyàn ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Nítorí nígbà tí D bá jẹ́ òdo, a ti mọ iye tí rìsíìtì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a tó ṣí i. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ti yí owó padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí a tó gba ìbéèrè. Ìyá ra abọ́ 4 àti ife 6, ó san 48 000. Lóṣù kejì, ó ra abọ́ 6 àti ife 9, ó san 70 000. D jẹ́ 4 × 9 − 6 × 6, òdo. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni ọjà kejì jẹ́ sí ti àkọ́kọ́, nítorí náà owó rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 72 000. 2 000 ti yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó bóyá ìdọ́gba méjèèjì lè sọ fún yín bóyá ara abọ́ ni ọ̀gá ti yọ ọ́ tàbí ara ife. Ẹni tó bá rò pé ó lè sọ ọ́, kó wá síwájú pátákó, ẹfun wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kò lè sọ ọ́, kó sọ ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ lọ rà lóṣù kẹta tí yóò fi mọ̀.